Ilé ìwé aládàáni àwọn ọmọbìnrin ní Lọ́ńdọ̀nù: èwo ni kí n mú fún ọmọ mi?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Thamesmead là ń gbé. Ọmọbìnrin mi wà ní Year 5, orí rẹ̀ pé, kò sì sí ìgbà tí kì í ṣe ipò kìíní. Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ alẹ́ ni mo sábà máa ń ṣe. Bọ́ọ̀sì ni bàbá rẹ̀ ń wà. Obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa fi ọmọ tirẹ̀ sí ilé ìwé aládàáni tó jẹ́ ti ọmọbìnrin nìkan, àlọ-àbọ̀ ni, kò sì sí ọjọ́ Sunday tí kì í ròyìn rẹ̀. Mo wo àtẹ èsì ìdánwò, mo ní kí n kúkú mú èyí tó wà lókè pátápátá. Ìyá mi ní kí n gbé ọmọ wá sí Ìbàdàn, kó lọ sí bọ́dìn bí èmi náà ṣe lọ. Ọkọ mi ní owó yẹn ti pọ̀ jù, pé àbúrò ọmọ náà, ọkùnrin, ń bọ̀ lẹ́yìn. Èwo ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú àìsùn. Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tí kò ní dùn mọ́ yín bẹ̀rẹ̀: mi ò ní bá yín mú ilé ìwé tó wà lókè àtẹ. Ó lè dára gan-an o. Àtẹ yẹn ni kò sọ ohun tí ẹ rò pé ó ń sọ.

Ilé ìwé tó pe ogunlọ́gọ̀ ọmọ jọ, tó fi ìdánwò yẹ̀ wọ́n wò bí ẹni fi asẹ́ jọ èlùbọ́, tó mú àwọn tó kúnná jù, tó dá ìyókù padà sílé: bí àwọn ọmọ yẹn bá gba 8 àti 9, máàkì tó ga jù, nínú GCSE, ìdánwò ọmọ ọdún 16, lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ṣé ilé ìwé ló ṣe é ni, àbí asẹ́? Fún àwọn ilé ìwé ìjọba, ìwọ̀n kan wà tí wọ́n ń pè ní Progress 8, tó ń wo ibi tí ọmọ wà nígbà tó kúrò ní primary àti ibi tó dé nígbà GCSE. Wọn kì í gbé ìwọ̀n yẹn jáde fún àwọn aládàáni. Nítorí náà, èsì tí ẹ rí lórí àtẹ, àwọn ọmọ tí wọ́n gbà wọlé ló kọ́kọ́ ń ròyìn, kó tó kan iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí wọn.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ máa gbé dé gbogbo ilé ìwé tí ẹ bá wọ̀ ni èyí: ọmọ tó wà láàárín kíláàsì ńkọ́? Gbogbo ọmọ tó wọ irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ ló gba ipò kìíní níbi tó ti ń bọ̀. Tó bá di oṣù kẹsàn-án, ẹnì kan gbọ́dọ̀ di ìkejìdínlógún nínú wọn. Ó lè jẹ́ tiyín, bẹ́ẹ̀ orí rẹ̀ kò sì yí padà. Kí ni ilé ìwé náà máa ń ṣe fún un? Ẹ bi ọ̀gá ilé ìwé fúnra rẹ̀: nínú àwọn ọmọ tó wọlé ní Year 7, ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́kọ́ńdìrì, mélòó ni kò sí níbẹ̀ mọ́ ní Year 12, kí ló gbé wọn lọ? Máàkì wo lẹ ń béèrè kí ọmọ yín tó lè bá yín ṣe A-level, ẹ̀kọ́ ọdún méjì tó kẹ́yìn? Àwọn ilé ìwé kan wà tó jẹ́ pé bí ọmọ kò bá ṣe dáadáa nínú GCSE, wọ́n á rọra fi ọ̀nà hàn án ní ọmọ ọdún 16, pẹ̀lú ẹ̀rín àti ìwé ìdágbére. Ìyẹn náà ń tún àtẹ ṣe. Ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ á sọ iye ọmọ fún yín láìrojú. Èkejì á bẹ̀rẹ̀ sí í fi odò ìlúwẹ̀ẹ́ hàn yín.

Ẹ ò sọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ ti ọmọbìnrin nìkan, àmọ́ mo fura. Ìdí gidi wà níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé kí ọmọkùnrin má fojú kàn án. Ní 2012, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ físíìsì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Institute of Physics, gbé ìwádìí kan jáde: ọmọbìnrin tó wà ní ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìlọ́po méjì ààbọ̀ àǹfààní láti yan físíìsì ní A-level ju ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà pẹ̀lú ọkùnrin lọ. Níbi tí kò ti sí ọkùnrin tí wọ́n á sọ pé òun ló ni sáyẹ́ǹsì, obìnrin náà ló máa di wáyà mú, òun náà ló máa ṣe olórí ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ fara balẹ̀ kíyè sí i: ilé ìwé ìjọba ni ìwádìí yẹn wò, kì í ṣe aládàáni. Àǹfààní tí ẹ ń wá yìí kò ní kí ẹ sanwó dandan. Woolwich Polytechnic School for Girls wà ní Thamesmead yín níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Townley Grammar School wà ní Bexleyheath, ti ọmọbìnrin ni, ìdánwò ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́, ọ̀fẹ́ lòun náà. Dartford Grammar School for Girls wà ní ìkọjá ààlà Kent. Kí ẹ tó náwó, ẹ wo àwọn wọ̀nyí bí ẹni tó fẹ́ mú wọn, kì í ṣe bí ẹni tó ń wá ibi tí yóò sá sí tí ọ̀nà kejì bá dí.

Ẹ̀yin náà mọ bí àárọ̀ ṣe máa ń rí nígbà tí ẹ bá ti alẹ́ dé, ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ọ̀nà. Ilé ìwé àlọ-àbọ̀ ni, ìrìn àjò ojoojúmọ́ jẹ́ ara ẹ̀kọ́ náà. St Paul's Girls' School tí ẹ rí lókè àtẹ, Hammersmith ló wà, ní ìwọ̀ oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Láti Thamesmead, ọmọ ọdún mọ́kànlá á jí nígbà tí òkùnkùn ṣì wà, á sì wọlé nígbà tí òkùnkùn ti padà ṣú, nígbà òtútù. James Allen's Girls' School, JAGS, dára púpọ̀, ó ti wà láti 1741, àmọ́ East Dulwich ló wà. Láti ọ̀dọ̀ yín, bọ́ọ̀sì lórí bọ́ọ̀sì ni. City of London School for Girls yàtọ̀. Barbican ló wà, ó sì dà bíi pé wọ́n la ọ̀nà rẹ̀ fún yín: láti 2022 tí Elizabeth line ti ṣí, ọmọ lè wọkọ̀ ní Abbey Wood, kó bọ́ sílẹ̀ ní Farringdon, ẹnu ọ̀nà ibùdó yẹn kan yọ sí Barbican gan-an, kò sì tó ìdajì wákàtí nínú ọkọ̀. Àmọ́ ìdánwò wọn le, àwọn tó ń dù ú sì pọ̀. Blackheath High School ló sún mọ́ yín jù nínú àwọn aládàáni àwọn ọmọbìnrin, bọ́ọ̀sì lè gbé e dé ibẹ̀. Òun, Sydenham High àti Bromley High, abẹ́ ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n wà, Girls' Day School Trust (GDST), tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1872 kí ọmọ ìdílé tí kò lówó bọ́dìn lè kàwé bíi ti arákùnrin rẹ̀ kó sì padà wá jẹun alẹ́ nílé. Bàbá rẹ̀ tó mọ gbogbo nọ́ńbà bọ́ọ̀sì ni kó fún wa ní àbájáde lórí èyí; kó bá ọmọ rin ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀ Monday, kì í ṣe ọjọ́ Saturday tí ọ̀nà dá.

Ní ti ìyá wa ní Ìbàdàn, ẹ bá mi kí wọn. Ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin kì í ṣe ohun tí a lọ yá lọ́wọ́ òyìnbó Blackheath: ilé ìwé tí CMS dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin ní Èkó ní 1869, tó padà di St Anne's ní Ìbàdàn, ó ju GDST lọ ní ọdún mẹ́ta. Mi ò ní sọ pé bọ́dìn kò dára. Àmọ́ kí ọmọ tó lè gba owó ìrànwọ́ ìjọba fún yunifásítì níbí, kí wọ́n sì ka owó rẹ̀ sí ti onílé, wọ́n máa ń wò ó pé ṣé ilẹ̀ yìí ló fi ṣe ilé fún ọdún mẹ́ta tó ṣáájú. Bí ó bá lo ọdún mẹ́fà ní Ìbàdàn, ẹjọ́ lẹ máa máa rò. Ìdí mìíràn tí mi ò fi ní bá wọn lọ síbẹ̀ ni pé ẹ̀yin fúnra yín kò béèrè fún un.

Owó ni ọ̀rọ̀ wà. Láti 1 oṣù kìíní 2025, ìjọba ti fi VAT, owó orí ọjà, 20% lé owó ilé ìwé aládàáni. Bí ẹ bá rí iye kan lórí ìwé wọn, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé ṣé VAT wà nínú rẹ̀. Ká kàn mú £8,000 fún tẹ́ẹ̀mù kan, tí kì í ṣe iye àjèjì ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí. Ìyẹn £24,000 lọ́dún. Láti Year 7 títí dé Year 13, ọdún méje, £168,000 ni, bí wọn ò bá fi kọ́bọ̀ kan kún un, bẹ́ẹ̀ wọ́n á fi kún un. Owó tí wọ́n ti yọ owó orí kúrò nínú rẹ̀ lẹ ó fi san án. A ò tíì ka yúnífọ́ọ̀mù, oúnjẹ ọ̀sán, ẹ̀kọ́ orin, kọ̀ǹpútà, àti ìrìn àjò lọ Faransé tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ. Ọkọ yín kò purọ́. Èmi kò ní gbà yín níyànjú láé kí ẹ fi owó oṣù yín àti iṣẹ́ alẹ́ àfikún wọ ọ̀rọ̀ yìí láìsí ìrànwọ́, nítorí ọdún kìíní kọ́ ló máa ń dá ìdílé, ọdún kẹrin ni, nígbà tí GCSE ti bẹ̀rẹ̀ tí kò ṣeé yọ ọmọ mọ́.

Ohun tí ẹ nílò ni bursary. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi sikọ́láṣíìpù tàn yín: sikọ́láṣíìpù jẹ́ ẹ̀yẹ fún ọmọ tó mọ̀wé tàbí tó mọ orin, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò sì ju 5% tàbí 10% owó náà lọ. Bursary ni wọ́n ń fi owó tó ń wọlé fún ìdílé wọ̀n, ó sì lè dé 100%. Àwọn ilé ìwé GDST ní i, City ní i, JAGS ní i. Àwọn kan máa ń ti fọ́ọ̀mù rẹ̀ kí ìdánwò tó wáyé, nítorí náà ọjọ́ kan náà tí ẹ bá forúkọ sílẹ̀ ni kí ẹ béèrè fún un. Ojú kò gbọdọ̀ tì yín. Owó yẹn, nítorí irú ọmọ yín ni wọ́n ṣe kó o jọ, wọ́n sì ń wá ẹni tí wọ́n máa fún.

Ẹ múra sílẹ̀ fún ìbéèrè wọn o, wọ́n máa ń wo ilé débi ìkòkò. Páyísílíìpù, P60 (ìwé owó oṣù àti owó orí ọdọọdún), gbogbo àkáǹtì tí ẹ̀yin àti ọkọ yín ní, owó ilé tí ẹ ń san, àti ohun tí ẹ ní lókè òkun. Bí ẹ bá ń kọ́lé sí Ìbàdàn, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, bó jẹ́ ìpìlẹ̀ lásán ló dé. Tí wọ́n bá padà gbọ́ ọ, wọ́n lè gba bursary náà lọ́wọ́ yín láàárín ọ̀nà. Owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù, ẹ má retí pé wọ́n á yọ ọ́ kúrò; lójú tiwọn, ìfẹ́ inú yín ni. Àjọ ńkọ́? Tí àjọ bá kàn yín, tí £5,000 sì wọ àkáǹtì lọ́jọ́ kan, ẹni tó ń yẹ ìwé yín wò kò mọ̀ pé owó yín ló padà sọ́dọ̀ yín. Ẹ kọ lẹ́tà kékeré kan mọ́ ọn, ẹ ṣàlàyé. Ọdọọdún ni wọ́n sì tún máa ń yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ mọ̀ pé tí iṣẹ́ àfikún yín bá pọ̀ lọ́dún kan, ìrànwọ́ náà lè dín kù lọ́dún kejì. Ẹ béèrè bóyá bursary kan yúnífọ́ọ̀mù àti oúnjẹ. Kí ẹ tó fọwọ́ sí àdéhùn, ẹ ka ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ìfitónilétí: tí ẹ bá fẹ́ yọ ọmọ, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ní tẹ́ẹ̀mù kan gbáko ṣáájú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó san owó tẹ́ẹ̀mù tí ọmọ kò kà.

Ọ̀rọ̀ owó tiwọn náà wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí VAT ti dé, àwọn ilé ìwé kan ti kógbá wọlé, àwọn kan ti da ara wọn pọ̀, àwọn kan tó jẹ́ ti ọmọbìnrin nìkan sì ti ń gba ọkùnrin. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ aláàánú, ìṣirò owó wọn sì wà ní gbangba lórí ìkànnì Charity Commission, ẹnikẹ́ni lè kà á. Ti GDST wà lápapọ̀. Ẹ wo bóyá ohun tó ń jáde ti ń ju ohun tó ń wọlé lọ, ọdún lé ọdún. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ọ̀gá: ṣé ilé ìwé yìí á ṣì jẹ́ ti ọmọbìnrin nígbà tí ọmọ mi bá dé Year 11? Ìròyìn àwọn olùbẹ̀wò ilé ìwé aládàáni, ISI, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì bákan náà. Láti oṣù kẹsàn-án 2023 wọn kì í fún ilé ìwé ní ipò mọ́, nítorí náà ẹ lọ tààrà síbi tí wọ́n ti sọ bóyá ilé ìwé náà kúnjú ìwọ̀n lórí ààbò ọmọ.

Ìdánwò kò ní gbà wá lákòókò. Ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ London 11+ Consortium, ìdánwò kan ṣoṣo lọmọ á ṣe fún gbogbo ilé ìwé tó wà nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn ń lo ISEB Common Pre-Test: orí kọ̀ǹpútà ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún ni, bí ọmọ bá ti dáhùn ìbéèrè kan kò lè padà sí i mọ́. Àwọn kan sì ní tiwọn. Ilé ìwé mẹ́ta tó. Ọmọ tí wọ́n mú lọ sí ìdánwò mẹ́jọ á ti rẹ̀ kó tó débi tó fẹ́. Ẹ sọ fún ọ̀gá primary rẹ̀ ní báyìí, torí wọ́n máa béèrè ìròyìn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni mo fẹ́ dúró lé, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ń rí àwọn ọmọ wa tó ń já bọ́, àwọn tó sì mọ̀wé jù. A kọ́ ọmọ pé kó má wo àgbà lójú, kó má dá sí ọ̀rọ̀ tí wọn ò bi í, kó dáhùn kúkúrú kó sì dákẹ́. Ẹ̀kọ́ ilé gidi nìyẹn. Àmọ́ olùkọ́ tó jókòó níwájú rẹ̀ á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ yìí kò ní ìfẹ́ sí nǹkan kan. Ohun tí wọ́n ń wá ni ọmọ tó lè sọ pé, “Mi ò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí…”, tó sì lè yí èrò padà nígbà tí wọ́n bá fi nǹkan tuntun hàn án. Ẹ má san owó fún ẹni tí á kọ́ ọ ní ìdáhùn àkọ́sórí. Wọ́n máa ń gbọ́ òórùn rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Nídìí oúnjẹ alẹ́ ni kí bàbá rẹ̀ ti máa bá a jiyàn: ṣé ó yẹ kí bọ́ọ̀sì jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn? Kó jẹ́ kí ọmọ borí nígbà míràn. Ẹ ṣàlàyé fún un pé ó ní ibi tí a ti ń kúnlẹ̀ kí àgbà, ó sì ní ibi tí àgbà náà ti ń retí kí a bá òun ṣe àríyànjiyàn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá mọ ìyàtọ̀ náà ju bí a ṣe rò lọ.

Ọjọ́ àbẹ̀wò tí wọ́n kéde, gbogbo ilé ìwé ló ń rẹwà lọ́jọ́ náà. Ẹ béèrè fún ọjọ́ iṣẹ́ lásán, ẹ dúró sí ọ̀nà àárín kíláàsì nígbà tí aago bá dún. Ẹ wo ẹni tó jókòó nìkan ní ilé oúnjẹ. Ẹ ka iye ọmọ dúdú tó wà ní Year 10, kì í ṣe èyí tó wà lórí ìwé ìpolówó. Ẹ béèrè òfin irun: ṣé dídì, kíkó àti irun àdábáyé ní ìṣòro níbẹ̀? Láti oṣù kẹwàá 2022 ni àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn nílẹ̀ yìí ti sọ ọ́ kedere fún àwọn ilé ìwé pé fífi ìyà jẹ ọmọ dúdú nítorí irun rẹ̀ lè tako òfin Equality Act 2010. Bí wọ́n bá yára dáhùn, ó dára. Bí wọ́n bá ní àwọn ò tíì rò ó rí, ẹ jẹ́ pé ọmọ yín ni wọ́n máa fi kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Ní tiyín, bí mo ṣe máa ṣe é rèé. Ìforúkọsílẹ̀ fún ìdánwò Bexley, èyí tí wọ́n fi ń wọ Townley, máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún Year 5, ó sì máa ń parí kí ìsinmi ooru tó dé. Ẹ má jẹ́ kó kọjá, torí ìdánwò náà, oṣù kẹsàn-án ni. Ti Kent, fún Dartford, oṣù kẹfà ni ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀, ìdánwò rẹ̀ náà sì wà ní oṣù kẹsàn-án. Ẹ forúkọ sílẹ̀ ní Blackheath High àti City, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù bursary, kò sí ẹ̀kẹta tí ọ̀nà rẹ̀ bá yín mu. Fọ́ọ̀mù ilé ìwé ìjọba gbọ́dọ̀ wọlé kó tó di 31 oṣù kẹwàá, kí Woolwich Polytechnic sì wà níbẹ̀ lẹ́yìn Townley. Àwọn aládàáni á fèsì ní oṣù kejì, ti ìjọba á jáde ní 1 oṣù kẹta, ọjọ́ tí àwọn aládàáni sì fẹ́ kí ẹ fèsì kì í sábà ju ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn lọ. Ẹ ó rí gbogbo èsì lórí tábìlì kan náà.

Bí Townley bá gbà á, mo máa mú Townley, mi ò ní wo ẹ̀yìn. Owó ẹ̀kọ́ àfikún fún òun àti àbúrò rẹ̀ á ti inú ohun tí ẹ kò ná jáde. Bí City tàbí Blackheath bá gbà á pẹ̀lú bursary tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo gbogbo rẹ̀, ẹ mú un, tí ọmọ náà bá fẹ́ràn ibẹ̀. Bí wọ́n bá gbà á láìsí bursary, ẹ kọ lẹ́tà ọpẹ́, ẹ jẹ́ kó lọ sí ilé ìwé ìjọba. Ẹ má sọ fún un pé ó pàdánù nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé ìwé wọ̀nyí ló tún máa ń gba ọmọbìnrin tuntun ní Year 12, pẹ̀lú bursary, fún ọdún méjì péré. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ Year 11, ìdánwò rẹ̀ sì sábà máa ń wà ní oṣù kọkànlá ọdún náà.